Ó Ku Ọjọ́ Mélòó Ká Lọ sí Adágún?

Ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá wa àgbà kú, àwọn ará àdúgbò wa ní Ṣábẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n sunkún níwọ̀nba, wọ́n ní èèyàn dáadáa ni Bàbá, wọ́n wá béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi yí nọ́ńbà ara ògiri padà. Ìyá kan tó ń ránṣọ ní òdìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Ó ní ikú náà dun òun gan-an, àmọ́ ó ti di ọjọ́ mẹ́fà tí ògiri wa ti ń sọ pé ó ku igba ọjọ́ ó lé mẹ́rìnlá, òun ò sì mọ ọjọ́ tí òun máa dá fún àwọn oníbàárà òun mọ́.

"Ṣé kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò nínú yín ni?" Omijé ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó béèrè.

Kí n ṣàlàyé ògiri náà. Bàbá kun apá kan iwájú ilé ní dúdú. Láràárọ̀, kí wọ́n tó bomi bọ́jú, wọ́n á fi ẹfun kọ iye ọjọ́ tó kù kí ẹbí wa lọ pẹja sára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń lọ lọ́dún, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, sí adágún kan lọ́nà Ofẹ̀ tí odò máa ń fi sẹ́yìn nígbà tó bá fà. Wákàtí mẹ́rin la máa ń lò létí omi. Lọ́jọ́ kejì, kí òórùn ẹja tó kúrò lọ́wọ́ wa, Bàbá á ti kọ ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta sára ògiri, inú wọn á sì dùn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún oko.

Lọ́dún kan, ajíhìnrere kan tó ń ti ọ̀nà Boni bọ̀ kọjá níwájú ilé. Ó rí i lára ògiri pé "Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún." Ọ̀rọ̀ míì kò sí níbẹ̀. Ó wọlé wá, ó bọ́ bàtà, ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé ta ló fi hàn wọ́n. Bàbá ní kò sẹ́ni tó fi han àwọn, àwọn fúnra àwọn làwọn ṣírò rẹ̀. Ọkùnrin náà kó bàtà rẹ̀, ó jáde. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wàásù pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí ni òpin ayé, àwọn mélòó kan sì pa oko tì. Nígbà tí àwọn èèyàn wá bi Bàbá léèrè, wọn ò bínú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín.

"Tí ayé bá fẹ́ parẹ́," wọ́n ní, "kó jẹ́ ká pẹja ná. Àwa la kọ́kọ́ mú ọjọ́ yẹn."

Orúkọ tí gbogbo Ṣábẹ̀ ń pè wọ́n ni Bàbá Ṣẹ́fù, nítorí pé ṣẹ́fù gáà ni wọ́n, olórí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ìlú wa, láti ìgbà tí irun wọn ti dúdú títí tó fi funfun. Àwọn ni wọ́n máa ń fun fèrè tí ọkọ̀ fi ń ṣí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ náà ò wá mọ́. Koríko hù sáàárín irin, àwọn ewúrẹ́ sì gba gáà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lórí rédíò, wọ́n lo ọ̀rọ̀ Faransé tó gùn. Bàbá fetí sí i títí, wọ́n wá pa rédíò. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n rí i pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́ ni."

Nígbà tí kò sí ọkọ̀ tí wọ́n máa darí mọ́, àwa ẹbí wọn ni wọ́n kọjú sí. Èmi Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n, torí pé ilé wọn ni mo ti dàgbà. Oko làwọn òbí mi ń ṣe ní Boni, ọwọ́ Bàbá àti Ìyá Àgbà ni wọ́n sì fi mí sí kí n lè lọ sí ilé ìwé. Ní ilé yẹn, àárọ̀ kì í ṣe àárọ̀ lásán. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ta la máa ń jí, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ìyá Àgbà á gbé e dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, láti jẹ́ kí Bàbá mọ ẹni tó ni ẹ̀kọ.

Ní ọjọ́ ìpẹja, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí. Ọkọ̀ náà ni bàṣé Sálífù, mọ́tò akẹ́rù kan tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn. Gbogbo Ṣábẹ̀ mọ̀ pé Sálífù pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó ara rẹ̀. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìpẹja, á ti gbé bàṣé rẹ̀ wá síwájú ilé wa, inú rẹ̀ ló sì máa ń sùn. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sùn nílé rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Mo fẹ́ràn iyàwó mi," ó ní, "àmọ́ Bàbá Ṣẹ́fù ni mo bẹ̀rù."

Ẹ ó máa rò ó pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí gbogbo èèyàn máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ bi Alájì. Alájì ni àbúrò Bàbá, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò sì lè lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá Àgbà ò lè lọ lọ́jọ́ Àìkú nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsìnkú máa ń pọ̀. Bàbá àti Alájì jà sí ọ̀rọ̀ náà fún oṣù mẹ́ta gbáko ní ọdún àkọ́kọ́, títí tó fi ku ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí Ọlọ́run ẹnikẹ́ni ò tíì gbà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, Alájì á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á mu tíì, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ká yí ọjọ́ padà. Bàbá á pariwo. Alájì náà á pariwo. Wọ́n á pe ara wọn ní olórí kunkun níwájú àwọn ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, wọ́n á fẹnu kò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alájì á sì máa lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé kí lẹ tún ń jà sí.

"Tí a ò bá jà," wọ́n ní, "báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń sún mọ́lé?"

Nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Ìyá Àgbà ti kú ní ọ́fíìsì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó pé ọmọ ogún ọdún. Kò sí ọ̀gá tó máa fún èèyàn láyè láti lọ pẹja. Àmọ́ tí ìyá ìyá ẹni bá kú, tàbí ìyá bàbá ẹni, ojú ọ̀gá á rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Sẹ́gun, tó ń ṣiṣẹ́ ní Párákù, pa wọ́n lọ́dún kan, ó sì sọ bí ikú náà ṣe rí débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin dá aṣọ dúdú, wọ́n ra páálí ohun mímu kan, wọ́n sì wọkọ̀ wá sí Ṣábẹ̀ láì sọ fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, wọ́n bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń to ìkòkò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé òkú?"

"Ta ló kú?"

Wọ́n ka orúkọ náà láti inú ìwé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ délẹ̀.

"Èmi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ìyá Àgbà fún wọn lómi. Wọ́n gba páálí ohun mímu. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọn ò dá àwọn dá ìbànújẹ́ náà. Sẹ́gun ti sá wọ ilé ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Bàbá jáde láti inú yàrá, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n wo ìyàwó wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá kọjú sí àwọn àlejò.

"Aago mélòó ni wọ́n ní ó kú?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, ó dà bíi pé láàárọ̀ ni.

"Àárọ̀ kì í ṣe aago," ni Bàbá wí, wọ́n sì padà sínú yàrá.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sùn sílé wa, wọ́n sì bá wa lọ pẹja lọ́jọ́ kejì nínú aṣọ ọ̀fọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló pa ẹja tó tóbi jù.

Ẹni tó bá kà dé ibí á rò pé apẹja ńlá ni Bàbá. Rárá o. Wọn kì í di ìwọ̀ mú. Wọn ò fẹ́ràn omi. Wọn kì í tilẹ̀ jẹ ẹja, wọ́n ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ máa jà pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀ nítorí egungun. Tí a bá dé etí adágún, wọ́n á dé fìlà iṣẹ́ wọn, wọ́n á dúró sábẹ́ igi, wọ́n á máa wo aago. Tó bá di aago mọ́kànlá gééré, wọ́n á fun fèrè, gbogbo wa á sì kó ìwọ̀. Lọ́dún kan, Alájì ní ẹja àrọ̀ kan lẹ́nu ìwọ̀ nígbà tí fèrè dún, ẹja tó tó itan ọmọ ọdún mẹ́wàá. Omi ń rú, ọ̀pá tẹ̀, Alájì ń làágùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ìṣẹ́jú kan péré!"

Bàbá tún fun fèrè. Alájì, ẹni àádọ́rin ọdún, tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà tí wọ́n sì ti bọ̀, wo ẹja, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì ju ọ̀pá sílẹ̀.

"Ẹja tó bá fẹ́ bá wa lọ," ni Bàbá wí nínú ọkọ̀, "kó tètè dé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àwa náà lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tọ́ńtọ̀n Kọ́lá.

Tọ́ńtọ̀n là ń pe arákùnrin òbí ẹni, Tọ́ńtọ̀n Kọ́lá sì ni àkọ́bí Bàbá. Kútọnu ni wọ́n ń gbé, ọ̀gá ni wọ́n ní ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní awakọ̀, wọ́n sì ní kọ́là ẹ̀wù tó le bíi páálí. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n bá wa lọ fún ọdún mélòó kan. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọn ò tíì rí ẹja tí a ò tíì dín rí. Fún oṣù méjì, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ náà ń pè mí lórí pọ́tábù.

"Tántì Àbẹ̀kẹ́, ó ku mélòó?"

Mo máa ń jáde lọ wo ògiri, mo sì máa ń kà á fún wọn. Wọ́n á hó yèè. Wọ́n ra fìlà olómi ọsàn. Wọ́n ra ìwọ̀ òyìnbó tó wà nínú àpò tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà bi mí bóyá ẹja máa ń gbọ́ Faransé.

Tọ́ńtọ̀n ní ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, torí náà òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kúrò ní Kútọnu. Ọ̀nà náà jìn. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, gbogbo wa ti wà nínú bàṣé. A rí iná mọ́tò kan tó yà kúrò lórí gúdúrọ̀, ọ̀nà ọlọ́dà, sí àdúgbò wa. Ó ń fun fèrè, ó ń yẹ kòtò, ó ń yẹ ewúrẹ́.

"Bàbá Kọ́lá," Ìyá Àgbà ké, "ọmọ yín nìyẹn!"

"Mo rí i," Bàbá ní. "Aago náà rí i."

Wọ́n fun fèrè. Sálífù wo jígí, ó wo Bàbá, ó ṣí ọkọ̀.

Tọ́ńtọ̀n tẹ̀ lé wa. Wọ́n ń tanná, wọ́n ń paná, wọ́n ń fun fèrè mọ́tò wọn títí gúdúrọ̀ fi tán. Lẹ́yìn ibẹ̀, iyanrìn ni, mọ́tò wọn ò sì ga nílẹ̀, mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Kútọnu ni. Ó rì. Láti ẹ̀yìn bàṣé, mo rí Tọ́ńtọ̀n tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́. Mo rí àwọn ọmọ méjì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé wọn, fìlà olómi ọsàn lórí wọn, tí wọ́n dúró sínú eruku wa. A gbá ara ọkọ̀. A pariwo. Bàbá ò wẹ̀yìn.

Ẹnikẹ́ni ò pa ẹja gidi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí à ń bọ̀, mọ́tò náà ti lọ. Àwọn àgbẹ̀ kan sọ fún wa pé àwọn làwọn tì í jáde, pé ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dáadáa, pé àwọn ọmọ ń sunkún, pé wọ́n ti yí padà sí Kútọnu.

Tọ́ńtọ̀n Kọ́lá ò wá sí Ṣábẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń pe Ìyá Àgbà, wọ́n ń ránṣẹ́ sí Alájì. Bàbá náà ò pè wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó pẹ́ ló yẹ kó pe. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìpẹja, Bàbá máa ń pe orúkọ gbogbo wa kí ọkọ̀ tó ṣí, wọn ò sì yọ orúkọ Kọ́lá kúrò. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n pè é, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n kọjá sí ẹni tó kàn. Ní ọdún kejì, wọ́n dúró débi pé Sálífù wúkọ́. Ní ọdún kẹta, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì. "Kọ́lá." Adìyẹ ń ké. "Kọ́lá." Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá kọjá. Ogún ìṣẹ́jú ti kọjá lẹ́yìn aago mẹ́fà kí a tó ṣí, gbogbo wa sì ń wo ẹsẹ̀ wa bí ẹni tó jí nǹkan.

Nígbà tí a dé adágún, Bàbá ní kí Alájì kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀.

Alájì ti ń retí láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn pé kí ẹ̀gbọ́n wọn bi wọ́n léèrè ohun kan. Wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ilẹ̀ tí ekòló fẹ́ràn. Bàbá fara dà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ju ìwọ̀, ó gbé fìlà tiwọn fúnra wọn. Ìgbà kejì, ó gbé agbádá Alájì. Aago mọ́kànlá lù, fèrè ò dún, kò sì sẹ́ni tó rán wọn létí. Ó kù díẹ̀ kó di ọ̀sán gangan nígbà tí wọ́n fa ẹja àrọ̀ kan jáde, tó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọwọ́. Sẹ́gun ti gbé igi sókè kó lù ú lórí.

"Má pa á," ni Bàbá wí. "Kútọnu ló ń lọ."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bàbá gbé ẹja náà sínú korobá omi adágún, a lọ sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò. Bàbá ò wọ bọ́ọ̀sì rí. Wọ́n ti búra pé àwọn ò ní jókòó láyé nínú ohun tó máa ń dúró de èrò kó tó lọ. Àwọn oníbọ́ọ̀sì ní aago méje la máa ṣí. Aago méje kọjá, ààyè mẹ́ta ṣófo. Mo ń retí ariwo. Bàbá kàn fọwọ́ kan ejìká dírẹ́bà.

"Ta lẹ ń dúró dè?"

"Ẹni tó bá wá ni, Bàbá."

Bàbá jókòó padà. "Ẹni tó bá wá," wọ́n sọ fún ara wọn jẹ́jẹ́.

Aago mẹ́sàn-án la ṣí. Kí a tó ṣí, ẹni tó ń kó ẹrù fẹ́ gbé korobá sórí òrùlé, Bàbá sì ra bíyẹ́, ìwé ọkọ̀, kan fún ẹja. Obìnrin oníṣòwò tó jókòó tì wá, tí omi ẹja ń ta sí láṣọ ní gbogbo kòtò, béèrè iye tí a fẹ́ tà á.

"Kì í ṣe títà," Bàbá ní. "Èrò bíi tiyín ni. Ẹ wo bíyẹ́ rẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé ilé Tọ́ńtọ̀n. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ géètì ò mọ̀ wá rí. Ó wo korobá, ó wo bàtà wa tó kún fún eruku, ó béèrè bóyá ọ̀gá bá wa dájọ́, bóyá a ní ràndefú.

"Mo ní in," Bàbá ní. "Mo ti fi ọdún mẹ́ta pẹ́."

Tọ́ńtọ̀n Kọ́lá jáde wá nínú bàtà ilé, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n rí wa, wọ́n dúró. Bàbá yọ fìlà ṣẹ́fù gáà láti inú àpò, wọ́n dé e, wọ́n nà ró, wọ́n fẹsẹ̀ ti korobá náà síwájú.

"Mùsíọ̀," wọ́n wí, "ẹja yín nìyí. Ó pẹ́ lọ́nà. Ẹ̀bi gáà ni."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo gbọ́ yẹn. Ìyá Àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní gbogbo ọdún tí Bàbá fi ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ bá pẹ́, wọ́n á sọ fún àwọn èrò pé òjò ni, tàbí ẹ́ńjìnnì, tàbí màlúù tó dùbúlẹ̀ sórí irin. Wọn ò sọ rí pé ẹ̀bi gáà ni. Èmi náà ò sì gbọ́ ọ rí kí bàbá kan sọ pé "ẹja yín" fún ọmọ tó bí.

Tọ́ńtọ̀n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí síméńtì, ọ̀gá odindi ọ́fíìsì, níwájú ẹni tó ń ṣọ́ géètì wọn. Ẹja ta omi sí wọn lórí.

"Bàbá," wọ́n ní, "èmi náà pẹ́."

Àwọn ọmọ da omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ funfun tí bàbá wọn máa ń nà sí, wọ́n sọ ẹja sínú rẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tó bá sè é, àwọn á fi ilé sílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí èmi àti Bàbá fi wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yìnkùlé ni Tọ́ńtọ̀n ti ń wẹ̀, pẹ̀lú igbá, wọ́n ń kí awakọ̀ wọn káàárọ̀ láti inú ọṣẹ. Lọ́jọ́ kẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, ìyàwó Tọ́ńtọ̀n sè é. Bàbá, tí kì í jẹ ẹja, jẹ tiwọn tán. Nígbà tí àwọn ọmọ dé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, gbogbo àgbà ilé wo òkè àjà. Bàbá nìkan ló dá wọn lóhùn.

"Ó ti padà sílé," wọ́n ní. "Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀."

Nínú òjò ọdún tó kọjá ni àìsàn gbé Bàbá dè. Èmi ló ń bá wọn kọ nọ́ńbà ara ògiri nígbà náà. Mo lọ jókòó tì wọ́n ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì bi wọ́n ní ohun tó ti ń jẹ mí lẹ́nu láti kékeré.

"Bàbá, ẹ ò fẹ́ràn omi. Ẹ ò fẹ́ràn ẹja. Kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀?"

"Gbogbo ayé mi, àwọn tó ń lọ ni mò ń fun fèrè fún. Wọ́n á gbé ẹrù, wọ́n á gbé adìyẹ, wọ́n á máa pe ara wọn, inú wọn á máa dùn. Wọ́n á juwọ́ sí mi. Ọkọ̀ á lọ. Á wá ku èmi nìkan. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn wà lára àwọn tó ń lọ."

"Báwo ló wá ṣe rí?"

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kó tó ṣẹlẹ̀ ló máa ń dùn jù."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹbí ṣèpàdé lórí bóyá ká lọ lọ́dún yìí tàbí ká má lọ. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó. Alájì ní ọdún ò tíì yí po lórí ẹ̀gbọ́n àwọn, àṣà ò fẹ́ ká máa ṣe àríyá. Àwọn kan ní kí a lọ, àmọ́ ká gbé e lọ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Sẹ́gun ní kí a yan ìgbìmọ̀. Tọ́ńtọ̀n Kọ́lá ní àwọn ti tẹ ètò kan jáde, ojú ìwé mẹ́rin, wọ́n sì kà á. Lẹ́yìn náà ni Alájì àti Tọ́ńtọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tó máa jókòó sí iwájú bàṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sálífù, níbi tí Bàbá máa ń jókòó sí, ṣé àbúrò olóògbé ni tàbí àkọ́bí olóògbé. Wọ́n dìde dúró. Wọ́n pe ara wọn ní olórí kunkun.

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n gbé àtẹ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti sọ tán? Láti ọdún tí a ti ń lọ síbẹ̀, ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí, pẹ̀lú ìkòkò lórí itan mi. Eruku nìkan ni mo mọ̀. Mi ò tíì rí ọ̀nà yẹn láti iwájú rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń lọ."